Ẹyẹ tó ń jẹ́ orúkọ Ìbàdàn

Gbogbo ẹyẹ tó bá ti ń hun ìtẹ́ la máa ń pè ní ẹ̀gà. A ò mọ̀ pé ìbátan ẹ̀gà kan wà tó ń jẹ́ orúkọ Ìbàdàn: Malimbus ibadanensis, dúdú àti pupa. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló wà ní gbogbo ayé.

J. H. Elgood, olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ní University College, Ìbàdàn, ló gbé àpèjúwe rẹ̀ jáde ní 1958. Ní 1964, àwọn tó ń wo ẹyẹ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, wọ́n sì ń tẹ ìwé ìròyìn. Ẹni tó bá rí ẹyẹ ọ̀wọ́n á kọ ọjọ́ àti ibẹ̀ ránṣẹ́. Kí ẹlòmíràn tó kà á, ẹyẹ ti fò lọ. Ní 1979, ìwé náà di Malimbus. (Ẹ ò rí i pé ìdílé ẹyẹ wa ló joyè!)

Lónìí, fóònù ni. Ẹni tó rí ẹyẹ á tẹ orúkọ rẹ̀ sórí BirdLasser, fóònù á sì gba ibi tó dúró sí sílẹ̀. Ìròyìn ti yá, igbó ló ń tán. Oko àti ilé ti jẹ ibùgbé ẹyẹ yìí káàkiri. Igbó IITA wà lára ìwọ̀nba tó kù. Mọ́tò Ọ̀jọ́ sí Mọ́níyà ń kọjá níwájú géètì rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ o, kí ẹ sì débẹ̀ ní ìdájí. Bí oòrùn bá ti mú, ẹyẹ á dákẹ́.

Bí a bá lọ, àwọn àgbà ọdẹ Mọ́níyà la ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn: kí lẹ̀ ń pe ẹyẹ yìí?