Ẹ̀rí Ta Ni Ó Ṣeé Gbà? Ìtàn Àwọn Tí Ó Ń Ka Ẹyẹ Láìgba Owó

Ṣáájú ọdún 1900, àṣà ọjọ́ Kérésìmesì kan wà ní Amẹ́ríkà: àwọn ọkùnrin a pín sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, wọn a gbé ìbọn wọ igbó, ẹgbẹ́ tí ohun tí ó pa lẹ́yẹ lẹ́ran bá pọ̀ jù ni ó borí. Frank Chapman, onímọ̀ nípa ẹyẹ, ni ó dábàá pé kí wọ́n máa ka ẹyẹ dípò pípa wọ́n. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún náà, ènìyàn 27 jáde ní ibi 25 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ẹnikẹ́ni kò sanwó fún wọn.

Ìbéèrè kan ti ń tẹ̀lé irú iṣẹ́ yìí bọ̀: ǹjẹ́ ó yẹ kí sáyẹ́ǹsì gbára lé ẹ̀rí ẹni tí kì í ṣe onímọ̀? Ìbéèrè náà tọ́. Olùyọ̀ǹda lè ṣi ẹyẹ kan mọ̀ sí òmíràn. Ibi tí ọ̀nà ti dán ni ó sábà máa ń lọ, igbó tí ó jìnnà a sì wà láìsí ẹlẹ́rìí. Èyí tí ó fara sin jù ni pé bí àwọn olùkà bá ń pọ̀ sí i, iye ẹyẹ inú ìwé yóò máa pọ̀ sí i, bí ẹyẹ fúnra wọn tilẹ̀ ń dín kù.

Ìlànà ni a fi borí ewu wọ̀nyí. A ní kí àwọn olùkà kọ iye wákàtí tí wọ́n lò sílẹ̀, kí a lè fi í pín iye ẹyẹ. Ní 1966, nígbà tí ìbẹ̀rù oògùn apakòkòrò DDT gbòde, Chandler Robbins dá ètò mìíràn sílẹ̀: ojú ọ̀nà kan náà lọ́dọọdún, ibùdúró 50, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí eBird, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, kọ̀ǹpútà a máa dá àkọsílẹ̀ tí ó bá ṣàjèjì dúró, títí ẹni tí ó mọ agbègbè náà yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Èso rẹ̀ hàn ní 2019. Àwọn onímọ̀ kéde nínú ìwé ìròyìn Science pé ẹyẹ Amẹ́ríkà àti Kánádà ti fi nǹkan bíi bílíọ̀nù 3 dín kù láti 1970. Àkọsílẹ̀ àwọn olùyọ̀ǹda ni òpó ìṣirò náà. Rédà tí a fi ń wo ojú ọjọ́, tí kò mọ orúkọ ẹyẹ kankan, sì jẹ́rìí pé àwọn ẹyẹ aṣíkiri tí ń fò lóru náà ti dín kù.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Àwa ni a ń wí pé gúnnugún kì í kú léwe, síbẹ̀ ní 2015, àjọ IUCN ka irú igún tí a mọ̀ mọ́ ọjà àti ilé ìpẹran wa mọ́ àwọn ẹyẹ tí ewu àkúrun wọn le jù lọ. Àwọn àgbà rántí ìgbà tí igún ń bà sórí òrùlé, ṣùgbọ́n ìrántí kò ṣeé pín, kò ṣeé rò pọ̀. Ní Nàìjíríà lónìí, àwọn olùyọ̀ǹda ti ń ka ẹyẹ ní ìlànà: wọ́n pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 9, wọn a sì lo ó kéré tán wákàtí méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tí ó bá fi òótọ́ kọ ọjọ́, ibi àti wákàtí sílẹ̀ ti ṣe ẹ̀rí tí àwọn ọmọ wa yóò lè gbà.