Àbùdá Ìdílé àti Afẹ́fẹ́ Àyíká: Ìtàn Ikọ́ Fée Lára Ọmọdé

"Ẹni bíni là á jọ," ni àwọn àgbà wí. Nítorí náà, bí ikọ́ fée bá dé sí ọmọ lóru, tí àyà rẹ̀ ń fẹ́ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, ìbéèrè tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn ará ilé ni pé: ìdílé ta ni ó ti mú un wá? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀, ṣùgbọ́n ó ti tú ìfẹ́sọ́nà ká, ó sì ti di ẹ̀bi ru ìyá tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ní oṣù Èrèlé ọdún 1976 ni a dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, tí Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ilé ti ń jẹ oko lọ síwájú. Bàbá àgbà tí ó dàgbà ní abúlé kòkó ní agbègbè Ilu-Abo tàbí ti Oǹdó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀, ó bá ewúrẹ́ àti adìẹ gbé, aràn sì ń gbé inú rẹ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń sùn ní yàrá tí a tì pa, lórí fóòmù tí eruku kún inú rẹ̀, láàrin aáyán, èéfín ọkọ̀ àti ti jẹnẹrétọ̀. Àbùdá ìdílé kì í yí padà tó bẹ́ẹ̀ láàrin ìran méjì. Àyíká ni ó yí padà.

Àwọn onímọ̀ ti rí irú èyí níbòmíràn. Ní 1979, a tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ Xhosa ní Gúúsù Áfíríkà. Nínú 1,000 ọmọ ìgboro, nǹkan bí 32 ni a rí ikọ́ fée lára wọn. Láàrin àwọn ọmọ ìgbèríko, kò tó 2. Ẹ̀yà kan náà sì ni wọ́n. Ní 1989, David Strachan kọ̀wé lórí àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ju 17,000 lọ, tí a bí ní 1958. Bí ẹ̀gbọ́n ọmọ ti pọ̀ tó ni àìsàn imú tí ń mú ni sín, tí ó jẹ́ ìbátan ikọ́ fée, ń ṣọ̀wọ́n tó lára rẹ̀. Ó dábàá pé àrùn tí àwọn ọmọ ilé ń kó ran ara wọn ní kékeré ni ó ń dáàbò bò wọ́n.

Ní 2000, ní Lambaréné ní ilẹ̀ Gabon, a rí i pé awọ àwọn ọmọ tí ó ní àtọ̀sí ajá kì í sábà wú bí a bá fi kòkòrò inú eruku dán an wò. Ohun ìjà kan náà ni ara fi ń bá aràn àti eruku jà. Bí aràn bá pẹ́ nínú, ẹ̀ṣọ́ ara a kọ́ láti fa ọwọ́ ìjà sẹ́yìn. Bí kò bá rí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, ó lè sọ eruku lásán di ọ̀tá.

Ṣé ìdílé kò wá lọ́wọ́ nínú rẹ̀ ni? Ó ní. Ọmọ méjì lè sùn lórí ẹní kan, kí ọ̀kan máa mí fée, kí èkejì máa hanrun. Ní 2007, a rí ibì kan nínú àbùdá àwọn ọmọ Yúróòpù tí ó bá ikọ́ fée ọmọdé tan. Ṣùgbọ́n àmì náà kò hàn ketekete bẹ́ẹ̀ lára ìran Áfíríkà. Ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ tí 30 ìdílé Yorùbá ní Ìbàdàn fi sílẹ̀ fún ìwádìí àbùdá ènìyàn, tí a tẹ̀ jáde ní 2005, fi níye lórí.

Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí yin aràn: ó ń jẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ, ó sì ń fà á sẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́. Ìdílé ni ó to igi jọ. Àyíká ni ó ṣáná sí i. Kò sí ẹni tí ó lè pààrọ̀ òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n a lè dín èéfín ìdáná, sìgá àti eruku kù, oògùn tí à ń fà sẹ́nu sì ń la ọ̀nà èémí. Olùkọ́ tí ó bá mọ èyí kì yóò pe ọmọ tí ó ń mí fée lórí pápá ní ọ̀lẹ, kì yóò sì gba oògùn náà lọ́wọ́ rẹ̀.