Ìyàwó Ni, Kì í Ṣe Ajá

Ọmọ: Bàbá, wọ́n kọ́ wa pé àwọn Gíríìkì ló kọ́kọ́ fi ojú sánmà sọ ìtàn òrìṣà. Ṣé òótọ́ ni?

Bàbá: Irọ́ ni. Ọba Unas jẹ ní Íjíbítì ní nǹkan bí ọdún 2350 ṣáájú ìbí Kristi. Òun ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n fín ọ̀rọ̀ sára ògiri inú ibojì òun ní Saqqara, àwọn ọba ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ inú àwọn ibojì wọ̀nyẹn, Osiris, ọba àwọn òkú, ni àwọn ìràwọ̀ tí a ń pè ní Orion, tí Bíbélì pàápàá dárúkọ nínú ìwé Jóòbù. Ìràwọ̀ tó ń tẹ̀ lé e, tó mọ́lẹ̀ ju gbogbo ìràwọ̀ alẹ́ lọ, ni wọ́n ń pè ní Sopdet. Òun ni Isis, ìyàwó Osiris. Homer, akéwì tí àwọn Gíríìkì fi ń yangàn, ó ṣì ku ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ kí wọ́n tó bí i.

Nígbà tí Homer wá dé ńkọ́? Ó pe ìràwọ̀ yẹn ní ajá Orion! Àwọn àgbà wa ní àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Ìyàwó ń bá ọkọ rẹ̀ lọ, àlejò rí i lẹ́yìn, ó ní ajá ni. Títí di òní olónìí, ìràwọ̀ ajá ni ìwé ń pè é, àwọn ọmọ wa sì ń kà á bẹ́ẹ̀ láìgbọ́ orúkọ Isis rí. Ó máa ń dùn mí dé ọkàn.

Ọmọ: Kí ló fi hàn pé ojú sánmà ni ìtàn àwọn ará Íjíbítì ti wá, Bàbá?

Bàbá: Odò Náílì ni kí o bi. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ ní Íjíbítì. Láyé àtijọ́, òjò orí òkè Etiópíà ló ń mú kí Náílì kún àkúnya lọ́dọọdún, ẹrẹ̀ dúdú tó sì ń gbé wá ni àgbẹ̀ ń gbin ọkà sí. Bí odò kò bá kún, ìyàn dé nìyẹn. Nítorí náà, wọ́n ń ṣọ́ ọ̀run. Lọ́dọọdún, Sopdet a bọ́ sínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ojú kò ní rí i fún nǹkan bí 70 ọjọ́. Nígbà tí oòrùn bá mú jù lọ, a tún yọ ní ìlà-oòrùn láàárọ̀ ọjọ́ kan, fẹ́ẹ́rẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí wọ́n bá ti rí i, ọdún tuntun dé, omi ń bọ̀.

Wàyí o, ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ń tọ́jú òkú ọlọ́lá kí wọ́n tó sin ín? 70 ọjọ́. Èmi kọ́ ni mo so méjèèjì pọ̀. Ní Abydos, nínú ilé tí Ọba Seti Kìíní kọ́ ní orúkọ Osiris, wọ́n kọ ọ́ pé ìràwọ̀ a kú, a wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ fún 70 ọjọ́, a di mímọ́, a sì tún padà wá sí ìyè. Osiris tí Seth àbúrò rẹ̀ pa, tí Isis wá káàkiri títí tó fi rí i, ṣé wọ́n á ní àròsọ lásán ni? Àwọn ará Íjíbítì sọ pé omijé Isis ló ń mú Náílì kún. Pausanias, Gíríìkì, gbọ́ ọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọmọ: Ẹ ti sọ nípa ayò òṣùpá rí.

Bàbá: Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Oṣù méjìlá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 30 ọjọ́, 360 ni. Ọdún sì jẹ́ 365. Níbo ni márùn-ún ti wá? Oòrùn fi Nut, ìyá ọ̀run, gégùn-ún pé kò ní bímọ nínú oṣù kankan, kò sì ní bímọ nínú ọdún kankan. Thoth, òrìṣà ọlọ́gbọ́n, bá òṣùpá ta ayò, ó jẹ ẹ́, ó ń gbà lára ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di ọjọ́ márùn-ún. Ọjọ́ wọ̀nyẹn kò sí nínú oṣù, ègún kò sì ká wọn. Inú wọn ni Nut bí Osiris, Horus àgbà, Seth, Isis àti Nephthys sí. Ìṣirò pọ́ńbélé ni! Òṣùpá pàdánù ọjọ́ lóòótọ́, torí oṣù méjìlá tirẹ̀ lójú ọ̀run, nǹkan bí 354 ọjọ́ ni, kò dé 360. Ọwọ́ Plutarch, Gíríìkì mìíràn, ni ìtàn yìí ti tẹ̀ wá. Òun náà pe Nut ní Rhea, ó pe Thoth ní Hermes. Wọ́n jogún ọ̀rọ̀, wọ́n sì fi orúkọ ilé tiwọn bo orúkọ olóhun mọ́lẹ̀.

Ọmọ: Ṣé gbogbo ìtàn ẹ̀sìn ló ti ojú sánmà wá?

Bàbá: Rárá. Dupuis ará Faransé sọ bẹ́ẹ̀ ní 1795, àsọdùn ló sọ.

Ọmọ: Àwọn kan ní Íjíbítì ni àwa Yorùbá ti wá.

Bàbá: Ẹ̀rí rẹ̀ kò tó. Èyí tó dájú ni ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Íjíbítì. Ní 1821, àwọn Faransé fi ayùn àti ẹ̀tù gé àjà tẹ́ńpìlì Dendera, níbi tí wọ́n ya Orion sí, pẹ̀lú Sopdet bíi màlúù nínú ọkọ̀ ojú omi, ìràwọ̀ láàárín ìwo rẹ̀. Louvre ní Paris ló wà lónìí. Ẹ̀dà ló wà ní Dendera. Kò tẹ́ wọn lọ́rùn pé wọ́n gba ìtàn, wọ́n tún gé òrùlé orí rẹ̀ lọ.

Kàlẹ́ńdà pàápàá ńkọ́? Ní 238 ṣáájú ìbí Kristi, àwọn àlùfáà Íjíbítì pàdé ní Canopus ní ayé Ọba Ptolemy Kẹta, wọ́n ní kí a máa fi ọjọ́ kan kún ọdún kẹrin-kẹrin. Àwọn ènìyàn kò tẹ̀ lé e. Nígbà tí Julius Caesar ṣe é ní Róòmù, tí Sosigenes ará Alẹkisáńdíríà gbà á nímọ̀ràn, orúkọ Caesar ló ròkè.

Ṣùgbọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn Kristẹni Kọ́pítì ní Íjíbítì. Oṣù méjìlá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 30 ọjọ́ ni wọ́n ṣì ń kà, ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà a sì tẹ̀ lé e. Thout ni wọ́n ń pe oṣù kìíní ọdún wọn, orúkọ Thoth ni.