Àwòṣe fóòmù

Àwòṣe fóòmù jẹ́ àpẹẹrẹ ohun èlò kan tí a fi fóòmù líle gbẹ́ kí ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun èlò náà gan-an fún títà. Òun ni àwọn tó ń ṣe àgbékalẹ̀ ọjà fi ń mọ bí ohun náà yóò ti tóbi tó, bí yóò ti rí, àti bóyá yóò bá ọwọ́ mu. Ọ̀bẹ àti sáńpépà ti tó láti tún àṣìṣe ara fóòmù ṣe. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fi irin ṣe mọ́ọ̀dù tí wọn yóò máa da ike sí, àtúnṣe ń náni lówó púpọ̀.

Irú fóòmù

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ni polyurethane, tí Otto Bayer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàwárí ọ̀nà ṣíṣe rẹ̀ ní ìlú Leverkusen, ní Jámánì, ní ọdún 1937. Èyí tó rọ̀ nínú rẹ̀ ni a fi ń ṣe mátírẹ́ẹ̀sì. Èyí tó le ni a fi ń gbẹ́ àwòṣe. Èkejì ni polystyrene, fóòmù funfun fífúyẹ́ tó máa ń wà nínú páálí tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì tuntun. Ó rọrùn láti rí, ṣùgbọ́n ó máa ń ya ní hóró-hóró bí ọ̀bẹ kò bá mú.

Gbígbẹ́

A ó ya àwòrán ẹ̀gbẹ́ àti òkè ohun náà sórí pépà, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ fóòmù, a ó sì fi ayùn gé e kọjá ìlà díẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a ó máa fá a wálẹ̀ sí ìwọ̀n. Ètò yìí jọ ìpele mẹ́rin tí àwọn agbẹ́gilére Yorùbá ń tẹ̀ lé: ọnà lílé, níbi tí ère ti ń yọrí láti inú igi, àlétúnlé, níbi tí ẹ̀yà ara rẹ̀ ti ń hàn, dídán, àti fínfín. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé a lè lẹ fóòmù mìíràn mọ́ ibi tí a bá gé jù.

Dídán ojú rẹ̀

Ihò wẹ́wẹ́ pọ̀ lára fóòmù, nítorí náà ọ̀dà kì í dán lórí rẹ̀ bí a kò bá kọ́kọ́ dí wọn. A ó fi fílà kùn ún, a ó jẹ́ kó gbẹ, a ó sì fi sáńpépà 120, 240 àti 400 ha á tẹ̀ léra.

Ibí ni iṣẹ́ polystyrene ti sábà máa ń bàjẹ́. Bẹntiróòlù, acetone, bọ́dì fílà àwọn tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe àti ọ̀pọ̀ ọ̀dà inú agolo máa ń yọ́ ọ. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà kùn ún lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí a sì dán ọ̀dà wò lára àjákù rẹ̀ ná.

Ààbò

Ó yẹ kí a bo imú nígbà tí a bá ń ha fóòmù. Wáyà gbígbóná lè gé polystyrene níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ fi gé polyurethane, nítorí pé májèlé cyanide lè wà nínú èéfín rẹ̀.