Kọ̀ǹpútà lè fi àmì sórí Yorùbá: àwọn ètò ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀

Láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, láti Bẹyẹrúnká gòkè lọ sí Màpó, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìkéde òkú àti ìwé ẹgbẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà. Púpọ̀ nínú wọn ni kì í ní àmì kankan. Tí oníbàárà bá bèèrè, wọ́n á ní kọ̀ǹpútà ò lè kọ ọ́. Ó lè kọ ọ́ o, kò sì ní ná èèyàn ní kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ àmì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán. Ẹni tó bá tẹ “owo”, ṣé owó tá à ń ná ni, àbí ọwọ́, àbí òwò, àbí ọ̀wọ̀ tá a fi ń wo àgbà, àbí ìlú Ọ̀wọ̀? Nínú ìkéde òkú tó kún fún orúkọ àti oríkì, tí wọ́n bá ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Keyman: Ètò yìí máa ń jẹ́ kí kíbọ́ọ̀dù tó wà nílẹ̀ kọ èdè mìíràn, Yorùbá sì wà lára wọn. Àjọ SIL ló ń bójú tó o. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Tí wọ́n bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà tán, kò nílò dátà mọ́.

Kíbọ́ọ̀dù YorubaName: Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá orí íntánẹ́ẹ̀tì ló gbé e jáde. Ti Windows wà, ti Mac náà wà. Ní Ìbàdàn níbí, ilé-iṣẹ́ Alt-i tí Túndé Adégbọlá dá sílẹ̀ náà ti ṣiṣẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù Yorùbá.

LibreOffice: Àjọ The Document Foundation, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2010, ló ni ín. Ó ń ṣe iṣẹ́ tí Word ń ṣe, ó ń ṣí fáìlì Word, ó sì ń sọ ìwé di PDF.

Tí kò bá sí àyè láti gbé nǹkan tuntun sórí kọ̀ǹpútà, ọgbọ́n kan wà tó ń ṣiṣẹ́ nínú Word àti LibreOffice. Ẹ tẹ 1ECD, ẹ fi máọ̀sì yan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ wá tẹ Alt àti X pọ̀: ọ ló máa jáde. 1EB9 ni ti ẹ, 1E63 ni ti ṣ. Fún àmì òkè, ẹ tẹ 0301 lẹ́yìn lẹ́tà náà. 0300 ni ti ìsàlẹ̀.

Ohun kan ṣì kù tó máa ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ìwé tó dáa lórí kọ̀ǹpútà kan lè dàrú tí wọ́n bá fi fíláàṣì gbé e lọ sílé ìtẹ̀wé, nítorí fọ́ǹtì ibẹ̀ lè má gba àmì. Ẹ sọ ọ́ di PDF kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, torí PDF máa ń gbé fọ́ǹtì rẹ̀ dání.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi bírò kọ orúkọ pẹ̀lú àmì rẹ̀ fún ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì ka ẹ̀dà àkọ́kọ́ dáadáa. Ẹyọ kan ṣoṣo ṣì ni nígbà yẹn. Ó ṣeé tún ṣe.