Kóòtù Ìtọ́jú fún Awakọ̀ Ọ̀mùtí

Kóòtù ìtọ́jú, tí wọ́n ń pè ní DWI court ní Amẹ́ríkà, ni ilé ẹjọ́ tó ń fi ìtọ́jú dípò ọ̀pọ̀ ọjọ́ ẹ̀wọ̀n fún ẹni tí wọ́n ti mú léraléra pé ó mutí wakọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ọtí bá ti di bárakú, ẹ̀wọ̀n nìkan kì í wò ó sàn.

Ní 1989 ni kóòtù àkọ́kọ́ tó ń fi irú ìtọ́jú yìí ran àwọn tó ń lo oògùn olóró lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Miami, ní ìpínlẹ̀ Florida. Nígbà tó yá, àwọn adájọ́ mú ìlànà rẹ̀ lò fún àwọn awakọ̀ ọ̀mùtí.

Kóòtù ìtọ́jú kì í ṣe ìdáríjì rárá. Ó di dandan kí awakọ̀ náà máa lọ gba ìtọ́jú, kó máa fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ tó ń wọn ọtí, kó sì máa fara hàn níwájú adájọ́ kan náà lóòrèkóòrè. Adájọ́ á béèrè nípa iṣẹ́ rẹ̀ àti ìdílé rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe dáadáa, gbogbo kóòtù á pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tó bá tún mutí lè sun àtìmọ́lé. Ètò náà sábà máa ń gbà ju ọdún kan lọ.

Ọ̀nà mìíràn ni ìpínlẹ̀ South Dakota gbà ní 2005, nípasẹ̀ ètò 24/7 Sobriety: àyẹ̀wò èémí láàárọ̀ àti lálẹ́, lójoojúmọ́. Ìwádìí àjọ RAND ní 2013 fi hàn pé iye àwọn tí wọ́n tún mú fún mímutí wakọ̀ dín kù ní ìdá 12 nínú 100 ní àwọn àgbègbè tó lò ó. Ìmúni fún ìwà ipá nínú ilé pẹ̀lú dín kù ní ìdá 9 nínú 100.