Oyin Inú Àpáta: Ta Ló ń Sanwó Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́?

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Inú pàlàpálá òkúta ni oyin ọ̀hún wà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ kò gbọdọ̀ máa ṣàníyàn nípa irin tí yóò kújú. Ẹni tó ń lé ohun ńlá, síbẹ̀ tó ń ṣírò àdánù kéékèèké, ni wọ́n ń pa òwe náà fún. Ó bá ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ mu wẹ́kú, nítorí ọ̀pọ̀ ń rò pé ohun tó bá ti jẹ́ ọ̀fẹ́, kò sẹ́ni tó sanwó rẹ̀.

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà sanwó rẹ̀ gan-an. Ní oṣù Keje 1952 ni Stephen Olúwọlé Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé àbá kalẹ̀ pé kí gbogbo ọmọ agbègbè náà máa kàwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Owó kòkó wà nílẹ̀, àmọ́ kò lè dá a gbé. Ìjọba wá bu owó ẹ̀kọ́ àti ìlera, ṣílè mẹ́wàá ààbọ̀, lé owó orí. Ariwo sọ. Ọmọ tó yẹ kó máa bá bàbá rẹ̀ roko ni wọ́n fẹ́ mú lọ síléèwé, wọ́n tún ní kí bàbá sanwó lé e! Nínú ìbò àpapọ̀ 1954, ẹgbẹ́ NCNC fẹ̀yìn Action Group, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ tó ń ṣèjọba agbègbè náà, gbálẹ̀ nílé ara rẹ̀. Síbẹ̀, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, olórí ìjọba náà, kò yí ètò náà padà.

Ọjọ́ 17 oṣù Kínní 1955 ló bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí kò ní ìwé ọjọ́ ìbí, wọ́n á ní kó gbé ọwọ́ gba orí kọjá. Bí ìka rẹ̀ bá kan etí kejì, ó ti tó iléèwé lọ nìyẹn. Iye ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó jẹ́ bí 457,000 lọ́dún 1954, lé ní 811,000 lọ́dún yẹn. Nígbà tó fi máa di 1960, ó ti ju mílíọ̀nù kan lọ.

Kíláàsì kún àkúnya, olùkọ́ tó gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ kò sì kárí. Àmọ́ ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ ahunṣọ tí owó iléèwé ìbá dí lọ́nà rí ọ̀nà dé mọ́dà-sùkúù, wọ́n di tíṣà, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé, owó oṣù wọn sì ń rán àbúrò níléèwé.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ti wọn irú èrè bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Láàárín 1973 sí 1978, Indonéṣíà fi owó epo rọ̀bì kọ́ iléèwé tó lé ní 61,000. Esther Duflo, tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2019, fi hàn pé àwọn ọmọ àdúgbò tí iléèwé wọn pọ̀ sí i kàwé pẹ́ ju tàtẹ̀yìnwá lọ, owó iṣẹ́ wọn sì ga sí i nígbà tí wọ́n dàgbà. Ní Nàìjíríà, ìwádìí lórí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1976 rí i pé bí ọmọbìnrin bá ṣe kàwé pẹ́ tó ni ọmọ tí yóò bí kó tó pé ẹni ọdún 25 ń dín kù tó.

Màláwì tún kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ mìíràn. Nígbà tó fagi lé owó iléèwé lọ́dún 1994, àwọn ọmọ ya wọlé, láti bíi mílíọ̀nù méjì sí bíi mílíọ̀nù mẹ́ta. Ìjọba kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùkọ́ tí kò mọṣẹ́ jọ, ọ̀pọ̀ ọmọ sì fi iléèwé sílẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀wé kà dáadáa.

Ní Nàìjíríà lónìí, òfin 2004 ní kí ẹ̀kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ìpele àkọ́kọ́ ní girama. Ìjọba àpapọ̀ ní owó nílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ìdajì tirẹ̀ wá kó tó lè gbà á. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kì í mú un wá. Owó náà á wà nílẹ̀ láìlò, òbí á máa ra ìwé, yóò máa san owó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ (PTA), nígbà míì yóò ra àga tí ọmọ rẹ̀ máa jókòó lé. Ohun tí gómìnà kan ní láti sọ fáwọn olùdìbò ni iye tí ìpínlẹ̀ rẹ̀ yóò mú wá, àti àpò tí yóò ti mú un.